Irun Àgbò fún Ilé Dígí

Ọ̀gá mi ni wọ́n wá, kì í ṣe èmi. Obìnrin tó wá wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́, pé láti ìgbà tí àìsàn ti dá wọn mọ́lẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, orí àga ni wọ́n máa ń wà níwájú ilé wọn ní Agége láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n á máa bú gbogbo ẹni tó bá ru síméǹtì kọjá. Wọn ò fẹ́ràn síméǹtì. Wọ́n ní ọ̀lẹ birikilà ló ń lò ó. Èmi tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, síméǹtì ni mo fi ń jẹun, nítorí náà bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, mo máa ń wá nǹkan mìíràn ṣe.

Mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí obìnrin náà dé. Arúgbó ni, ó fi ìborí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irun funfun, ó pupa, imú rẹ̀ gùn. Èmi ti ń wá gẹ̀ẹ́sì tí màá fi kí i, ni ó bá tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ kúulé o, Bàbá," pẹ̀lú ohùn Èkó pọ́ńbélé. Ìkẹjà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló wá láti Páṣíà, tó dá ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀ ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kí wọ́n tó bí èmi.

Gbogbo ẹni tó dàgbà díẹ̀ ní agbègbè wa ló mọ ilé iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọgbà kan wà lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ yẹn, pé ilé kékeré kan sì wà láàárín ọgbà náà. Àárò ìlú wọn ló ń sọ màmá obìnrin náà. Kò jẹun, kò sùn. Ni ọkọ rẹ̀ bá ránṣẹ́ sílé pé kí birikilà kan wọ ọkọ̀ òkun wá, kó wá kọ́ irú ilé tí wọ́n máa ń kọ́ sínú ọgbà lọ́hùn-ún. Ilé náà ò ní ògiri níwájú. Òpó igi ló gbé e dúró. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n há mọ́ra láìsí ìṣó kankan, wọ́n wá fi gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi sáàárín wọn. Omi ń gba ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá nínú ilẹ̀ yàrá, ó ń bọ́ sínú adágún kékeré níwájú. Ṣùgbọ́n àjà rẹ̀ ló mú kí àwọn òṣìṣẹ́ máa pè é ní Ilé Dígí. Wọ́n gé dígí sí wẹ́wẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ní ìràwọ̀-ìràwọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá wọlé, yóò rí ara rẹ̀ lókè lọ́nà tí kò ṣeé kà.

Ọ̀gá mi ló po ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Birikilà ará Páṣíà yẹn ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó kàn ń ṣe é, àwọn náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀, títí iṣẹ́ fi wọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọn ò tún rí ẹni tó ní kí àwọn fi ọgbọ́n yẹn ṣe nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi darúgbó.

Mo lè tètè sọ ọ́ báyìí pé ilé náà ò sí mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa retí ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn tí kò dáa kó dáa létí. Bó ṣe rí ni mo máa sọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti kógbá sílé tipẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá arúgbó náà tó wà lókè òkun ti ta ilẹ̀ fún àwọn kan tó ń ta nǹkan jíjẹ inú páálí, àwọn yẹn sì fẹ́ wó gbogbo ẹ̀yìn láti fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ìyá náà ti sáré kiri ọ́fíìsì títí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ilé àtijọ́ fi gbà láti wá wò ó ní oṣù kẹwàá. Bí wọ́n bá bá a ní odidi, tí wọ́n sì rí i pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ látilẹ̀ ni wọ́n ṣe tún un ṣe, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè wó o mọ́. Bí wọ́n bá bá a ní àlàpà, tàbí tí wọ́n bá rí síméǹtì lára rẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn tó ra ilẹ̀ gbà láti dúró di ìgbà náà, wọn ò sì ní dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sọ gbogbo èyí ní ìdúró, ó kọ̀ kò jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ọwọ́ yín kan ilé yẹn, Bàbá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá bá àwọn ní Kánádà. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Kánádà? Inú ilé yẹn ni màmá mi kú sí."

Ọ̀gá mi dìde lórí àga láìmú ọ̀pá, wọ́n wọlé lọ. Nígbà tí wọ́n máa jáde, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ wọn, fìlà ti wà lórí.

Ohun tí a bá nínú ọgbà náà kì í ṣe ohun tó ń wu ojú rí. Koríko ti bo adágún. Ewúrẹ́ ti ń sùn nínú ilé náà, ẹnì kan sì ti so okùn aṣọ mọ́ òpó méjì. Ìdajì dígí àjà ti bọ́, àwọn aráàlú ti ṣa èyí tó tóbi lọ. Ọ̀gá mi fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, wọ́n ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá dúró níbì kan, wọ́n ní ibí gan-an ni ará Páṣíà yẹn ti gbá àwọn létí lọ́jọ́ kan torí pé àwọn da omi sí àpòpọ̀ jù. Inú wọn dùn sí ìgbátí yẹn gan-an ni. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ yìí ò lè parí ní oṣù kẹwàá.

Oṣù kìíní la bẹ̀rẹ̀. A wa kòtò, a da láìmù sí i, ìyẹn òkúta funfun tí wọ́n ti sun nínú iná, a sì da omi lé e lórí. Ó hó, ó ru, kò ṣeé sún mọ́. Ọ̀gá mi ní kó wà níbẹ̀ fún oṣù márùn-ún, kí a máa rò ó lójoojúmọ́. Mo ní ilé alájà mẹ́ta ni mo lè kọ́ nínú oṣù márùn-ún. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn sì ti gbọ́ èyí tó wó nínú wọn.

Káfíńtà kan bá wa ṣiṣẹ́, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí kì í fi bàtà wọ inú ilé náà látọjọ́ tí ìyá yẹn ti sọ fún un pé àwọn náà kì í wọ bàtà níbẹ̀. Ó ń gbàdúrà sórí igi kí ó tó gé e. Ó tú àwọn fèrèsé palẹ̀, ó sì há wọn padà láìlo ìṣó kan. Dígí, a rí i lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀, àwọn dígí àtijọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ti pa tì. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, ó sì ń ya èmi gan-an lẹ́nu.

Irun ló dá wa dúró. Wọ́n máa ń po irun mọ́ láìmù yẹn kó má bàa sán, pàápàá níbi tó bá máa gbé dígí. Irun ewúrẹ́ tàbí ti àgbò ló dáa jù. Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa lè rò pé irun àgbò ò yẹ kó wọ́n àwa tí a máa ń dúnbú lọ́tùn-ún lósì nígbà Iléyá. Ṣùgbọ́n iná ni àwa fi ń jó irun ẹran wa, nítorí a fẹ́ jẹ awọ rẹ̀. Bí a bá fi máa ṣe tán, òórùn irun jíjó nìkan ló kù. Ní Oko Ọba tí wọ́n ti ń pa ẹran náà, iná ni. Mo lọ síbẹ̀ kí Iléyá tó dé, mo ń béèrè irun lọ́wọ́ àwọn alápatà. Obìnrin kan tó ń ta ìfun wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí pé ṣé irun ẹran ni àbí ti èèyàn. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo ní birikilà ni mí, ilé ni mo fẹ́ fi rẹ́. Ìyẹn gan-an ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ta ló ń fi irun rẹ́ ilé? Mo rí i lójú wọn pé oògùn owó ni wọ́n ń rò, mo sì yára wá ọ̀nà ilé kí wọ́n tó dá sèríà fún mi.

Lẹ́yìn Iléyá ni mo wá pàdé Àlájì kan níbẹ̀, Hausa tó ń ra awọ. Àwọn tiwọn kì í jó ẹran, ṣe ni wọ́n máa ń bó o. Ó ti kó awọ àgbò jọ gègèrè sábẹ́ àtíbàbà, ó ti da iyọ̀ sí gbogbo wọn kí wọ́n má bàa rà kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ sí Kano. Ó ní àwọn tó ń ṣe awọ lọ́hùn-ún á ṣáà fá irun yẹn dànù, pé kí n bá wọn fá a. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti káfíńtà fi jókòó ti awọ oníyọ̀, tí a ń fi ọ̀bẹ fá irun sínú àpò, tí ìka wa ń ta wá.

Nígbà tí mo gbé àpò náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe tọ́jú awọ náà. Mo ní iyọ̀ ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní iyọ̀ lọ̀tá láìmù: bó bá wọ inú ògiri, ògiri yẹn ò ní gbẹ láéláé, nítorí bí ọ̀rinrin bá ti wà nínú afẹ́fẹ́, iyọ̀ á máa fà á wọlé, ògiri á máa làágùn títí yóò fi já. A gbọ́dọ̀ fọ irun náà títí omi rẹ̀ á fi dá. Wọ́n ní ahọ́n ni ará Páṣíà yẹn fi ń mọ̀, kò sí nǹkan mìíràn tí èèyàn lè fi mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí a fọ irun náà, èèyàn wà níbẹ̀. Ìyá náà wá láti Opebi tó ń gbé, ó gbé tíì wá fún wa nínú fúláàsì. Mánìjà àwọn tó ra ilẹ̀ náà wá, ọkùnrin kan tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, ó ní òun wá wo ibi tí a dé. A gbé àga fún ọ̀gá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dúróòmù omi. A fọ irun náà, a da omi nù. A tún un fọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá mi ní kí n wá dúró níwájú àwọn. Wọ́n bu omi náà sínú ife, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n di ojú, wọ́n sì na ife náà sí mi. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn: ohun tí ọ̀gá bá tọ́ wò, ọmọ iṣẹ́ á tọ́ ọ wò tẹ̀lé wọn.

Mo tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀.

Kì í ṣe iyọ̀ tó pọ̀. Ó dà bí ọbẹ̀ ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀mù, tí àwọn òbí mi wá dúpẹ́, tí wọ́n gbé irin ìrẹ́lé lé mi lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi ní kí n fi Kùráánì búra lé lórí. Kì í ṣe olè jíjà, kì í ṣe obìnrin. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ já ọ̀gá mi nírọ́ níwájú ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ẹnu, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ojú. Bí ọ̀gá bá ní ògiri tó wọ́ tọ́, ó tọ́ nìyẹn títí a ó fi délé. Gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn la búra bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ti mú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ búra. Ó ti mọ́ mi lára débi pé bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ níwájú oníṣẹ́, ojú mi á dá gún fúnra rẹ̀.

Nítorí náà mo gbé omi náà mì, mo sì mú ojú mi dúró. Ọ̀gá mi ń wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́, ó ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn ṣì mọ iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ìyá náà.

"Ó ti dá," wọ́n ní. "Kò níyọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé láìmù wá."

Ìyá náà pàtẹ́wọ́. Mánìjà ya fọ́tò ọ̀gá mi pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Mo ti pinnu pé bí a bá délé, màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá mi ti dìde lórí àga, wọ́n ti ní kí a wá bàtà òjò fún àwọn, wọ́n sì ti wọ inú àpòpọ̀ náà, wọ́n ń tẹ irun mọ́ ọn, wọ́n ń bú wa pé ẹsẹ̀ wa ò lágbára. Mi ò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa dúró níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù? Mo tún rántí pé mo ti jẹ ẹ̀pà oníyọ̀ láàárọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀pà yẹn ni mo tọ́ wò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀pà.

Òjò dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ bó ṣe máa ń ṣe, a sì fi ìgbà yẹn rẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ náà ò dùn mọ́ mi, irọ́ ni mo pa. Láìmù yẹn rọ̀ lọ́wọ́, ó ń gba ibi tí èèyàn bá darí rẹ̀ sí, kì í kánjú bíi síméǹtì. Ọ̀gá mi fúnra wọn ló lẹ dígí àkọ́kọ́, èmi ló lẹ ìyókù, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tọ́ka sí èyí tí kò bá dúró ire. Nígbà tí a parí, káfíńtà ṣí omi, omi náà gba ojú ọ̀nà rẹ̀ kọjá láàárín yàrá. Ìyá náà bọ́ bàtà, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sílẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Ó ní bí màmá òun ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé á máa ka ara rẹ̀ lókè títí oorun á fi gbé e lọ. Ó ní kí gbogbo wa wá jókòó, ó fún wa ní tíì. Èmi nìkan ni mi ò wo òkè.

Ní oṣù kẹsàn-án, òjò padà dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dé ibẹ̀, ògiri apá ọ̀tún ti dúdú láti ìsàlẹ̀ wá sókè, nǹkan funfun kan ti yọ lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo fi ìka kàn án, mo fi ìka náà kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn nǹkan funfun náà nù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbé ìkòkò èédú síbẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè gbẹ ògiri; bí ó bá gbẹ lónìí, iyọ̀ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á yọ lọ́la. Nígbà tí dígí bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo lọ sí Computer Village, mo ra gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń fi lẹ ojú fóònù. Ìwà òmùgọ̀ ni. Dígí lẹ̀ mọ́ láìmù dáadáa, láìmù ni kò lẹ̀ mọ́ àjà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó lè wo àrùn náà ni kí a ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí a tún un rẹ́. Kò sí láìmù tó ti pẹ́ tó nínú kòtò mọ́. Oṣù kẹwàá ti dé.

Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi wú nígbà náà, wọn ò lè jáde. Bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á béèrè ilé náà, màá ní ó wà dáadáa. Ìyá náà rí ògiri tó tutù, ó bi mí léèrè. Mo ní bí láìmù tuntun ṣe máa ń làágùn nìyẹn, pé yóò gbẹ. Ó gbà mí gbọ́. Ó lọ rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá dé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta ni wọ́n wá, obìnrin kan ni ọ̀gá wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó yẹ fèrèsé wò, ó yin káfíńtà. Ó dúró sábẹ́ àjà, ó gbójú sókè, ni dígí kan bá já bọ́ sí i léjìká, pẹ̀lú láìmù lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n nù. Òmíràn já. Lẹ́yìn náà mẹ́ta já pọ̀. Wọ́n fà á sẹ́yìn. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò náà sì wọlé. Ó bi mí ní ohun tí a pò pọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àyàfi ohun tí mo mọ̀. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun ò lè kọ ọ́ pé ilé tó ń já lulẹ̀ ti di títúnṣe.

Mánìjà wà níbẹ̀. Mo retí pé kí inú rẹ̀ dùn, kí n lè rí ẹni bínú sí. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn dígí náà sínú ìborí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a ṣa wọ́n, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ti sapá yín." Ó sàn kó gbá mi létí.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Katapílà dé tẹ̀lé e. Iṣẹ́ náà ò gbà á tó wákàtí méjì. Káfíńtà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ fèrèsé kan, wọ́n ní kò sí àyè. Ní báyìí, ilé ìkẹ́rùsí ló wà níbẹ̀, síméǹtì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì dúró ṣinṣin. Ìyá náà ti lọ sí Kánádà.

Èmi ni mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Wọ́n jókòó sórí àga wọn níwájú ilé, ẹsẹ̀ wọn wà lórí àpótí. Mo ní wọ́n ti wó o. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe ògiri náà. Mo ní iyọ̀ ni.

"Ìwọ náà tọ́ ọ wò lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó níyọ̀?"

Mo lè parọ́. Mo ti parọ́ fún gbogbo ẹni tó kù. "Ó níyọ̀, sà."

Wọ́n ń wo ojú títì. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò lọ sókè rárá.

"Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti ṣe mí, ẹnu mi ò mọ adùn nǹkan kan mọ́. Iyọ̀, ṣúgà, ata, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Mo fẹ́ kọ́ ilé yẹn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o wá dúró níwájú mi. Mo ní bí ó bá níyọ̀, ojú rẹ á sọ fún mi. Mo wò ọ́, mo wò ọ́. Ojú rẹ ò yí padà."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ dárí rẹ̀ jì, ṣebí ohun tí àwọn kọ́ mi ni mo ṣe. Mo ṣì máa ń lọ kí wọn bí a bá kírun Jímọ̀ tán. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ wọn àti nípa àwọn ọmọ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ru síméǹtì kọjá, wọn kì í sọ nǹkan kan mọ́.